Ìran Kì Í Ṣe Ìdájọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní ìlú Ìwó, lórí àrùn ọpọlọ àti àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tí ń wádìí rẹ̀)

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá ni, tí a sì máa ń panu mọ́ bí àlejò bá ti wọlé. Ọ̀rọ̀ wèrè ni, àti ọ̀rọ̀ ìran.

Àwọn àgbà wa sọ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Láàárín ọjà a lè dúró wo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kí a sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ tiwa ni, ẹ̀rín náà a di ẹkún. Nítorí ẹkún yìí ni àwọn baba wa fi dá àṣà ìwádìí sílẹ̀. Kí a tó fẹ́ ìyàwó fún ọmọkùnrin, tàbí kí a tó fi ọmọbìnrin fún ọkọ, alárinà ni yóò kọ́kọ́ lọ tọpinpin: Ǹjẹ́ wèrè kò sí ní ìdílé wọn? Ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ kò sí? Ǹjẹ́ wárápá kò sí? Bí a bá gbọ́ pé àbúrò baba ọmọ náà kan ti sínwín rí, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, tàbí bí ó ti tán. Ilé náà ti gba orúkọ, orúkọ náà kò sì ní parẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ.

Ǹjẹ́ àwọn baba wa ṣìṣe bí? Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí. Ìdáhùn wa ni pé ohun tí wọ́n rí jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí àwa ọmọ wọn ń fi dá ilé lẹ́bi kò bá òtítọ́ náà mu. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tí ń wádìí ọpọlọ àti ohun àjogúnbá ní ayé òde òní ti fi òṣùwọ̀n sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a gbọ́ ohun tí òṣùwọ̀n náà wí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó ṣíwájú. Yorùbá kò fi ojú kan ṣoṣo wo wèrè. Wọ́n mọ wèrè àfiṣe, èyí tí wọ́n ní ọmọ aráyé fi ṣe ènìyàn. Wọ́n mọ wèrè àmútọ̀runwá, tí ènìyàn bá wá sáyé. Wọ́n sì mọ wèrè ìran, tí ń bá ìdílé kan rìn láti ìran dé ìran. Wọ́n mọ wèrè alásọ, ẹni tí ó wọṣọ bí ọmọlúwàbí ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ dàrú. Wọ́n mọ abísínwín, tí ń ṣe obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn ènìyàn tí kò fojú sílẹ̀ kò lè pín nǹkan sí ọ̀nà báyìí.

Wọn kò sì mọ orúkọ nìkan, wọ́n mọ oògùn pẹ̀lú. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ láàárín wa, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1960 pé àwọn oníṣègùn wa ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú asínwín. Nínú igi kan ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ, ni àwọn Òyìnbó ti yọ oògùn reserpine jáde ní 1952, oògùn náà sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa pẹ̀lú. Ó wà lára àwọn oògùn àkọ́kọ́ tí ilé ìwòsàn ayé fi pa iná wèrè, òun ni ó sì ṣí ojú àwọn onímọ̀ sí bí ọpọlọ ti ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn.

Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni Thomas Adéoyè Lámbò dé, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham. Nígbà tí ó padà wálé ní 1954 láti ṣe olórí ilé ìwòsàn Arò, kò kọ́ ògiri gíga láti fi sé aláìsàn mọ́. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí Arò ká, ìbátan aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì ń bá a gbé níbẹ̀. Wọn a lọ gba ìtọ́jú, wọn a sì padà sáàárín ènìyàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó sì bá wọn gbìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell lọ káàkiri abúlé láti mọ bí àrùn ọkàn ti pọ̀ tó láàárín Yorùbá, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fẹ́ mọ̀ bóyá irú wèrè kan náà ni ó wà káàkiri ayé, Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú mẹ́sàn-án tí wọ́n yàn. Wọ́n rí i pé irú kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà ń gbádùn ju àwọn ti ìlú Òyìnbó lọ lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dé orí ìmọ̀ tuntun. Nínú ara ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni ohun kan wà tí ó dàbí ìwé ìtọ́ni. Ìdajì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ baba wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Orí-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì, wọ́n sì tó bí 20,000. Láti inú wọn ni a ti jogún àwọ̀, gíga àti ojú tí ó jọ ti baba ẹni. Ìbéèrè àwọn onímọ̀ ni pé, àrùn ọpọlọ ńkọ́?

Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ìbejì yóò tètè lóye ọ̀nà tí wọ́n fi wá ìdáhùn. Ìbejì pín sí méjì. Àwọn kan ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, ìwé ìtọ́ni wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn kan ti inú ẹyin méjì wá, wọn kò sì jọra ju ọmọ ìyá lásán lọ. Bí àrùn kan bá jẹ́ ti àjogúnbá pátápátá, bí Táíwò bá ti ní in, Kẹ́hìndé tí ó bá a ti inú ẹyin kan wá gbọ́dọ̀ ní in. Ní 2017 àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ìbejì tí a bí láàárín 1951 sí 2000. Wọ́n wo àrùn tí à ń pè ní schizophrenia, èyí tí ó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní wèrè jù lọ. Láàárín àwọn ìbejì ẹyin méjì, bí ó bá ṣe ọ̀kan, ó ń ṣe èkejì nínú nǹkan bí 7 nínú 100. Láàárín àwọn ti ẹyin kan, nǹkan bí 33 nínú 100 ni. Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó dáadáa. Pé 33 ju 7 lọ fihàn pé ohun tí àwọn baba wa rí kì í ṣe irọ́: àjogúnbá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé 33 kò tó 100 fihàn pé ìran nìkan kọ́. Ìwé kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé gbà, síbẹ̀ nínú mẹ́ta bẹ́ẹ̀, nǹkan bí méjì ni àrùn Táíwò kì í kan Kẹ́hìndé.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ìbejì, báwo ni ó ti rí fún ọmọ lásán? Láàárín ènìyàn gbogbo, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ni schizophrenia ń ṣe. Ọmọ tí baba tàbí ìyá rẹ̀ ní in, nǹkan bí 10 nínú 100 irú wọn ni ó ń ṣe. Òtítọ́ ni pé 10 pọ̀ ju 1 lọ, a kò sì gbọdọ̀ fi pamọ́. Ṣùgbọ́n 90 yòókù ńkọ́? Àádọ́rùn-ún ọmọ tí orí wọn pé ni à ń fi ojú wèrè wò nígbà tí a bá lé wọn lẹ́nu ọ̀nà ìgbéyàwó. Fún àbúrò baba tí ó sínwín, èwu náà tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ kò dúró níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ jíìnì tí ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Láti 2007 ni àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ púpọ̀ ti kó ara wọn jọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn kò yá wé ti àwọn tí ara wọn yá. Ní 2014 wọ́n rí ibi 108 nínú ìwé ìtọ́ni náà tí ó ní í ṣe pẹ̀lú schizophrenia. Ní 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ aláìsàn tí ó lé ní 76,000 wò, ó di 287. Agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ibi wọ̀nyí kéré púpọ̀, wọ́n sì fọ́n káàkiri ìdílé gbogbo lórí ilẹ̀ ayé. Alárinà tí ó bá ní òun yóò wá ilé tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn yóò rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú, kò sì ní rí i. Ilé tí ń ṣèwádìí àti ilé tí a ń wádìí, bákan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu kan ọ̀dọ́ kan nínú àwọn olùwádìí wọ̀nyí. Aswin Sekar jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard, nínú ilé ìwádìí Steven McCarroll, nígbà tí iṣẹ́ tí òun ṣíwájú rẹ̀ jáde ní 2016. Ó mú ibi tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù nínú àwọn ibi tí a ti rí, ó sì tọ́ka sí jíìnì kan tí à ń pè ní C4. Iṣẹ́ jíìnì yìí nínú ara ni láti sàmì sí kòkòrò àrùn kí ọmọ-ogun ara lè pa á. Kí ni ọmọ-ogun wá ń ṣe nínú ọpọlọ? Ọpọlọ ọmọdé ní ìsopọ̀ púpọ̀ ju èyí tí yóò lò lọ. Bí ọmọ ti ń bàlágà, ara a máa fa àwọn tí kò wúlò tu, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo mẹ́rin sójú kan ti í fa méjì tu kí méjì yòókù lè ríbi gbilẹ̀. Sekar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé C4 wà lára àwọn tí ń sàmì sí èyí tí a óò fà tu, wọ́n sì fi eku dán an wò. Ẹni tí irú C4 kan bá ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ jù lára rẹ̀, ewu àrùn náà pọ̀ fún un díẹ̀. Ó jọ pé àgbẹ̀ náà ń fa èyí tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀.

Kì í ṣe C4 nìkan ni ó ń fa àrùn náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tí wèrè í máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ọmọ tí ó mọ̀wé, tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí gbogbo ìdílé ń retí, ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún ni yóò dédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Àwọn òbí a ní, “Ayé ni, wọ́n rí i pé ó fẹ́ di ènìyàn.” Àkókò tí ọpọlọ ń fa ìsopọ̀ rẹ̀ tu ni wọ́n ń sọ yẹn. Kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ kan ní àdúgbò tí a ní láti wá kiri.

Kí a má sì rò pé jíìnì kan náà ní agbára kan náà níbi gbogbo. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí kan pọ̀ lórí àwọn arúgbó tí ń ṣarán. Benjamin Olúwakáyọ̀dé Òṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmèsí, ni olórí lápá Ìbàdàn, Hugh Hendrie ni olórí lápá Amẹ́ríkà. Wọ́n wo àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ní 2001 wọ́n sọ pé àwọn tí ìṣarán ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti ọ̀hún: 1.35 nínú 100 sí 3.24 nínú 100. Jíìnì kan wà tí ń jẹ́ APOE, tí ẹ̀yà rẹ̀ kan máa ń mú ìṣarán wá kíákíá fún àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ̀yà náà kò ṣọ̀wọ́n ní Ìdíkàn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ níbẹ̀ rọ̀. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń pinnu. Oúnjẹ, ilé, iṣẹ́ àti àwọn ènìyàn tí ó yí ni ká ní ipa tiwọn. Ẹ wá rántí àwọn aláìsàn Ìbàdàn tí wọ́n gbádùn ju ti ìlú Òyìnbó lọ.

Ohun tí ó dùn wá nìyí. Láàárín gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò lórí àrùn wèrè, ti àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù. Òṣùwọ̀n tí a bá sì fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe kì í wọn àwa dáadáa. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ṣàjèjì sí ìmọ̀. Láàárín 2002 sí 2005, nígbà tí a ń ṣe àwòrán àjogúnbá ọmọ aráyé, ìdílé 30 ní Ìbàdàn, baba, ìyá àti ọmọ kan, fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀. Ènìyàn 90 ni wọ́n. Orúkọ wa sì wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé títí di òní. Ṣùgbọ́n a kò kọ àìsàn kankan mọ́ ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn, nítorí náà wọn kò lè sọ ohun tí ń mú wa sínwín. Ní 2018 ni ìwádìí ńlá kan, NeuroGAP-Psychosis, bẹ̀rẹ̀ lórí irú àrùn yìí ní Áfríkà. Etiópíà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Gúúsù Áfríkà ni wọ́n yàn. Nàìjíríà kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí ìlú gbé lọ sílé láti ìpàdé yìí.

Èkíní ni ti ìgbéyàwó. A kò ní kí a pa ìwádìí tì, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí a ní ni pé kí ìbéèrè alárinà yí padà. Dípò “Ǹjẹ́ wèrè wà níbẹ̀?” kí ó béèrè pé, “Bí àìsàn bá wà níbẹ̀, báwo ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀?” Ilé tí ń tọ́jú aláìsàn rẹ̀ ní gbangba sàn ju ilé tí ń fi tirẹ̀ pamọ́.

Èkejì ni ti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ìdájọ́ ìgbéyàwó ni ó ń ró ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà. Ìdílé tí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ọmọbìnrin òun bí aráyé bá gbọ́, yàrá ẹ̀yìn ni yóò ti ọmọkùnrin tí ń ṣàìsàn mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sórí, yóò gbé e lọ sí ibi jíjìn tí a óò ti dè é mọ́ igi. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ìtọ́jú tí ó ṣe iyebíye jù ń ṣòfò. Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bá ènìyàn 4,984 sọ̀rọ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti ń sọ Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006. Nǹkan bí 12 nínú 100 ni àrùn ọkàn kan tàbí òmíràn ti ṣe rí ní ọjọ́ ayé wọn, àwọn tí ó rí ìtọ́jú gbà láàárín ọdún náà kò sì tó nǹkan. Òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba Òyìnbó ti kógbá sílé, nítorí ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ni Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí òfin tuntun tí ó dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀. Òfin wà ní Àbújá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìjòyè ni ẹ mọ ilé tí ẹni tí a dè wà. Ẹ lọ tú u sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọmọ wa. Yunifásítì Bowen ti wà ní Ìwó yìí láti 2001. Láti ibí sí Ẹdẹ kò sì jìnnà, níbi tí ilé ìwádìí kan ní Yunifásítì Redeemer's ti ka ìwé jíìnì kòkòrò Kòrónà ní oṣù kẹta 2020, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfríkà. Ẹni tí ó lè ka ìwé kòkòrò lè ka ti ènìyàn. Bí ọmọ yín bá wí pé ọpọlọ àti àjogúnbá ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ wèrè ni. Ẹ ràn án lọ́wọ́. Olùwádìí tí ó gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wèrè àfiṣe àti wèrè ìran lẹ́nu ìyá rẹ̀ yóò béèrè ohun tí àlejò kò mọ̀ láti béèrè.

Ẹ̀kẹrin ni ti ẹ̀jẹ̀ wa. Nígbà tí ìwádìí irú èyí bá dé ìlú wa, kí a má ṣe sá, kí a má sì ṣe fi ojú dídì fọwọ́ síwèé. Kí a béèrè ẹni tí yóò tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà, ibi tí yóò wà, àti ẹni tí àǹfààní rẹ̀ yóò kàn. Kí a fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olóhun.

Ẹ̀yin ará, ìran jẹ́ ohun tí a gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣáájú wa, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún wa. Àwọn baba wa sa agbára wọn. Wọ́n ríran dé ibi tí ojú wọn mọ, wọ́n sì fi asofẹ́yẹjẹ lé wa lọ́wọ́. Ó kù sí àwa láti fi kún un. Ọlọ́run kí ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìmúláradá, kí ó sì fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ àwọn ọmọ wa. Ìwó kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.